Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ NHREC: Orí àga ìfọ̀jẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti máa wá olùkópa ìdánwò oògùn kíndìnrín

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ìlànà ìwádìí ìlera ní Nàìjíríà, NHREC, Àbújá.

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá dá lórí bí wọ́n ṣe ń wá àwọn aláìsàn kíndìnrín tí yóò kópa nínú ìwádìí àti ìdánwò oògùn ní orílẹ̀-èdè wa: ibi tí wọ́n ti ń wá wọn, èdè tí wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, àti ohun tó ń kù sí wọn lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ̀yin ni òfin fi ṣe aṣọ́nà ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sí yín, tí mo sì jẹ́ kí gbogbo ayé bá yín kà á.

Àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní dáyálísíìsì, ní ilé ìwòsàn ńlá kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé mo ti gbọ́ irú ohun tí mo rí níbẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń lọ sí ibòmíràn. Ó wà lórí àga lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ méjì wà ní apá òsì rẹ̀, ọ̀kan ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde, èkejì ń dá a padà, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù funfun gbé ìwé ìyọ̀ǹda kan dé tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò mi kò lè di ìwé náà mú. Èmi ni mo bá a tẹ́ ẹ sórí tíréè oúnjẹ. Ojú ìwé tó kẹ́yìn nìkan ni ọmọkùnrin náà ṣí. Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣáà bá wa buwọ́ lù ú níbí, gbogbo àwọn tó wà ní ìlà yín ló ti buwọ́ lù ú.” Ó buwọ́ lù ú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré kan tí ọmọrí rẹ̀ jẹ́ elése àlùkò, wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Nígbà tí mo bi í léèrè pé kí ló dé tí kò ní kí a mú ìwé náà lọ sílé ná, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá kọ̀ fún wọn, ṣé wọn ò ní gbé àyè mi fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú?”

N kò sọ pé ẹnikẹ́ni halẹ̀ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó halẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yẹn wà níbẹ̀, òun ló sì buwọ́ lu ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí n wá to ẹjọ́ mi ní ẹsẹẹsẹ.

1. Ọ̀rọ̀ APOL1, ìyẹn jíìnì àjogúnbá kan tó kan àìsàn kíndìnrín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjòjì, ilé wa ni wọ́n ti bù ú. Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí HapMap bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fẹ́ mọ bí jíìnì ọmọ ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra kárí ayé, Ìbàdàn ni wọ́n wá fún ẹ̀jẹ̀ ọmọ Áfíríkà. Ènìyàn 90, ìyẹn bàbá, ìyá àti ọmọ láti inú ìdílé 30, ni wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ wọn. Títí di òní, YRI ni wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ náà nínú ìwé ìwádìí, ìyẹn Yorùbá ìlú Ìbàdàn. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ṣàwárí pé oríṣi méjì kan lára jíìnì APOL1, tí wọ́n sọ ní G1 àti G2, wà lára ohun tó fà á tí àìsàn kíndìnrín fi ń ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà lọ́ṣẹ́ ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Nínú ẹ̀dà jíìnì náà tí wọ́n kà lára àwọn Yorùbá, nǹkan bí 38 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ G1, nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ G2. Wọn kò rí ọ̀kankan lára àwọn ará Yúróòpù, Ṣáínà àti Japan tí wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó pọ̀ lára wa nítorí pé ó gba àwọn baba ńlá wa sílẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò àrùn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, tó tún jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, ni ewu kíndìnrín rẹ̀ pọ̀ jù.

Àwọn dókítà Nàìjíríà àti Gánà tún gbé iṣẹ́ náà síwájú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn 8,355, tó jáde nínú New England Journal of Medicine ní ìparí ọdún 2024, fi hàn pé ẹyọ kan ṣoṣo tí ènìyàn bá jogún, yálà lọ́dọ̀ bàbá tàbí lọ́dọ̀ ìyá, pàápàá ní ewu tirẹ̀: ó fi nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu àìsàn kíndìnrín, méjì sì fi 25 kún un. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta nínú ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n yẹ̀ wò tó ní méjì. Mo kan sáárá sí àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé wọ́n fi yé gbogbo ayé pé a lè rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkópa ní ilẹ̀ yìí bí a bá wá wọn.

2. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá di ti oògùn, wọn kò pè wá. Ìdánwò DAPA-CKD, ti oògùn dapagliflozin, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020, gba ènìyàn 4,304 ní orílẹ̀-èdè 21. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan kò sí nínú 21 náà, àwọn aláwọ̀ dúdú inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. EMPA-KIDNEY, ti empagliflozin, gba ènìyàn 6,609 ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ. Áfíríkà kò tún sí níbẹ̀, iye àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún bákan náà. Kí n má parọ́, oògùn méjèèjì dára, wọ́n sì ń ṣe ọ̀pọ̀ aláìsàn láǹfààní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá bi dókítà rẹ̀ pé báwo ni oògùn yìí ṣe ń ṣe nínú ara ẹni tó ní G1 láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ìdánwò tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀ kò lè dá dókítà náà lóhùn.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú kì í fẹ́ kópa. N kò gbà. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1995 sí 2001, ìdánwò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AASK gba ènìyàn 1,094 tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín wọn jẹ́, gbogbo wọn pátá ló sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Orílẹ̀-èdè tí ìjọba ti fi àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ láìtọ́jú àrùn sífílíìsì wọn ní Tuskegee láti 1932 sí 1972 nìyẹn o, ìyẹn ibi tí ènìyàn kò bá ti bá wọn wí bí wọ́n bá kọ̀. Wọ́n pè wọ́n, wọ́n wá. Ẹni tí a kò pè, kí la fi mọ̀ pé ó kọ̀?

Mo ń bèèrè pé kí ìgbìmọ̀ yín, pẹ̀lú NAFDAC tó ń fọwọ́ sí ìdánwò oògùn, máa tẹ iye àwọn tí wọ́n pè, iye àwọn tó gbà, iye àwọn tó kọ̀ àti ìdí tí wọ́n fi kọ̀ jáde fún aráyé, nínú gbogbo ìdánwò oògùn kíndìnrín tó bá wọ Nàìjíríà.

3. Ibi tí wọ́n ti ń wá wa kò tọ́, ìgbà tí wọ́n ń dé sì ti pẹ́ jù. Èyí ló ká mi lára jù nínú gbogbo ẹjọ́ mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Oògùn kan wà tí wọ́n ṣe nítorí APOL1 gan-an, inaxaplin ni orúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Vertex ló ni ín. Èsì ìdánwò kékeré tí wọ́n fi ṣáájú jáde ní ọdún 2023: lára ènìyàn 13 tí wọ́n ṣírò èsì wọn, purotéènì tó ń bá ìtọ̀ jáde dínkù ní 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ 13. Ènìyàn 13 kéré, kò sì sí àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo láti fi wọ́n wéra, nítorí náà n kò fi í búra. Ṣùgbọ́n ìdánwò ńlá tó tẹ̀lé e, tí wọ́n ń pè ní AMPLITUDE, ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2022. Ẹ wo irú ẹni tí wọ́n ṣètò ìdánwò náà fún: ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ṣì wà láàárín 25 sí 75 lórí òṣùwọ̀n eGFR tí àwọn dókítà fi ń díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, tí purotéènì sì ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde. Ẹni tó ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò sí lára wọn. Oògùn tí a fẹ́ fi gba kíndìnrín là kò ní nǹkan kan tí yóò gbà là lára ẹni tí tirẹ̀ ti tán.

Nítorí náà, ẹni tó yẹ kí wọ́n máa wá ni ẹni tí kò tíì mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ó ń wa mọ́tò, ó ń ná ọjà, ó ń kọ́ ọmọ níwèé. Ìtọ̀ rẹ̀ ń hó, ó sì rò pé ọṣẹ tí wọ́n fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú nírọ̀lẹ́, ó ní ìjókòó pípẹ́ ló fà á. Kíndìnrín kì í sábà dun ènìyàn kí ó tó bàjẹ́ jìnnà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n gbé wa dé ilé ìwòsàn ńlá ni ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ fún wa. Olùwádìí tó bá jókòó sínú yàrá ìfọ̀jẹ̀ láti wá olùkópa, ẹni tó rọrùn láti rí ló ń wá, kì í ṣe ẹni tí oògùn náà lè wúlò fún.

Kì í ṣe pé ọ̀nà kò sí. Gbogbo aboyún tó bá forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ló mọ ìwé tín-ín-rín tí nọ́ọ̀sì ń tì bọ inú ìtọ̀, tí yóò yí àwọ̀ padà bí purotéènì bá wà níbẹ̀. Kò wọ́n, kò sì gba àkókò. Ọkọ tó sin aboyún náà wá, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní ìdílé rẹ̀, ni ẹnikẹ́ni kì í gbé ike fún pé kí òun náà lọ tọ̀ wá. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan máa ń pe nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìjọ lẹ́yìn ìsìn, àwọn mọ́sáláṣí mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ onímọ́tò náà sì ní ọjọ́ ìpàdé wọn. Ibẹ̀ ni kí wọ́n lọ.

Mo ń bèèrè pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìdánwò kankan tó ń wá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ tán, bí ètò tí wọ́n fi ń wá olùkópa rẹ̀ kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àti láàárín ìlú. Kí ẹ sì fi dandan lé e pé ẹni tí wọ́n bá rí purotéènì nínú ìtọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò bá ìdánwò náà mu, kò gbọ́dọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo: kí wọ́n kọ lẹ́tà fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà kíndìnrín, kí wọ́n sì bá a san owó ìrí-dókítà àkọ́kọ́. Ó jọ pé iye àwọn tí kò ní bá a mu yóò pọ̀ gan-an ju iye àwọn tí yóò bá a mu lọ. Wọ́n ti fún olùwádìí ní ìtọ̀ àti àkókò wọn. Kí òun náà fún wọn ní ọ̀nà.

4. Ìyọ̀ǹda tí ẹ̀rù bá gbà kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Abala 32 nínú Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lára ènìyàn àfi kí ẹni náà fọwọ́ sí ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ète ìwádìí náà àti ohun tó lè ṣe sí ìlera rẹ̀ fún un. Ìkéde Helsinki, tí àwọn dókítà àgbáyé ń tẹ̀lé, lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀: bí aláìsàn bá gbára lé dókítà tó fẹ́ ṣe ìwádìí, ẹlòmíràn tí kò sí nínú àjọṣe náà ni kí ó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀. Mélòó ni yàrá ìfọ̀jẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí?

Ẹ wo owó rẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ dín owó ìfọ̀jẹ̀ kù láti 50,000 náírà sí 12,000 náírà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. A dúpẹ́, ohun ńlá ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ bó ṣe yẹ yóò san 144,000 náírà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí sì jẹ́ 70,000. Ẹni tó wà nínú irú hílàhílo bẹ́ẹ̀, bí o bá sọ fún un pé àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ wà, kò ní bi ọ́ pé kí ni ẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣe.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní ọdún 1996, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tó ní àrùn lọ́rùnlọ́rùn. Ọmọ 200 ni wọ́n tọ́jú nínú ìdánwò náà, ìdajì pẹ̀lú Trovan, ìdajì pẹ̀lú oògùn mìíràn, 11 kú. Ẹjọ́ àwọn òbí ni pé wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009 ó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ní ọdún 2003, nígbà tí Kánò dá àjẹsára rọmọlápárọsẹ̀ dúró, ọ̀rọ̀ Trovan wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí. Ìyọ̀ǹda tí wọ́n gbà lọ́nà àìtọ́ ní yàrá kan lè ba iṣẹ́ ìlera jẹ́ ní gbogbo ìlú.

Mo ń bèèrè òfin kan tó ṣe kedere: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ aláìsàn nígbà tí abẹ́rẹ́ ìfọ̀jẹ̀ bá wà lára rẹ̀, kí ẹni tó gbà á má jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, kí aláìsàn mú ìwé náà lọ sílé fún ó kéré tán ọjọ́ méjì, kí òun àti ẹbí rẹ̀ jọ gbìmọ̀ lé e lórí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ní lẹ́tà gàdàgbà, pé ẹni tó bá kọ̀ kò ní pàdánù àyè rẹ̀ lórí ẹ̀rọ.

5. Èdè. Ìwé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ wà ní èdè tí aláìsàn ń sọ nílé rẹ̀, kí wọ́n kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé, kí wọ́n sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ náà le jù láti sọ ní Yorùbá. Kò le. Pé kèké ni wọn yóò fi pín àwọn olùkópa, pé ó lè jẹ́ hóró òfìfo ló máa kan ènìyàn, pé dókítà gan-an kò ní mọ ẹni tó ń lo èwo, àgbà wo ni kò ní yé? Pé wọ́n lè tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ amúǹkan-dì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn èyí tí wọ́n bá a sọ, ìyẹn náà yé ẹnikẹ́ni. Bóyá ìdí tí wọn kì í fi í fẹ́ sọ ọ́ ketekete nìyẹn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí ìwé àbúrò mi fún ẹni tó bá ní ẹ̀sùn kò wọlé nígbà tí mo pè é.

6. Èsì ẹ̀jẹ̀ wa, ta ló ni ín? Láti ọjọ́ tí ìgò ọlọ́mọrí elése àlùkò yẹn ti lọ, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtọpinpin lásán fún wa. Èmi ni mo fẹ́ fún àbúrò mi ní kíndìnrín mi kan. Inú kan náà la ti wá. Bí òun bá ní oríṣi APOL1 eléwu méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ó ṣeé ṣe kí èmi náà ní i, kíndìnrín tó ti ara ẹni tó ní méjì wá sì máa ń tètè kọṣẹ́ lára ẹni tí wọ́n gbé e fún, yàtọ̀ sí ewu tó lè wà fún ẹni tó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹnì kan lè ti mọ ìdáhùn náà nínú yàrá àyẹ̀wò, kí ó tò ó sí ìlà kan nínú kọ̀ǹpútà, kí àwa sì máa fọ́jú wá a. Mo ń bèèrè pé kí wọ́n máa bi olùkópa kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bóyá ó fẹ́ mọ èsì jíìnì rẹ̀; kí ẹni tó bá ní òun fẹ́ mọ̀ ọ́n rí i gbà pẹ̀lú àlàyé láti ẹnu ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, láàárín àkókò tí wọ́n dá.

7. Bí oògùn bá ṣiṣẹ́, kí àwọn tó fi ara wọn dán an wò máa rí i lò lẹ́yìn ìdánwò, láìsan kọ́bọ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń ṣe wọ́n láǹfààní. Ìkéde Helsinki ní kí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ béèrè fún àdéhùn náà lórí ìwé kí ẹ tó fi òǹtẹ̀ lu ohunkóhun. Kí wọ́n sì máa san owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ tí olùkópa pa tì, ní ọjọ́ tó wá gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yín fèsì ní gbangba, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn èdè wa, kí ẹ sì ní kí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba lẹ èsì náà mọ́ ara ògiri yàrá ìfọ̀jẹ̀ àti ti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Kí ẹ yan aláìsàn kíndìnrín kan, ó kéré tán, sínú gbogbo ìgbìmọ̀ tó bá ń gbé ìdánwò oògùn kíndìnrín yẹ̀ wò, kí ó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò bíi ti àwọn yòókù. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ ti ní ìlànà lórí ohunkóhun lára èyí tí mo tò yìí tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kí a rí i, kí ẹ sì dárúkọ ọ́fíìsì tí a ó ti fẹjọ́ ẹni tó bá rú u sùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹ̀gbọ́n aláìsàn kíndìnrín kan,
Ìbàdàn.